Èdè-Ìperí fún Àgbàrá Òjijì àti Ìyalulẹ̀ Òkè

Ìkún omi ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí atúmọ̀ lẹ́nu nígbà tí omi bá ṣe jàǹbá, irú omi yòówù kí ó jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dára fún odò ńlá tí ó ń ga díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bo bèbè. Ṣùgbọ́n omi tí ó ya wá láti orí òkè láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn òjò líle kì í ṣe irú rẹ̀. Ìkòkò àti àmù ni a mọ̀ mọ́ kíkún. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò dúró wo odò bóyá ó ti ń ga. Ẹni tí omi òkè ń bọ̀ wá bá kò ní àyè ìdúró.

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́. Àgbàrá ni omi òjò tí ilẹ̀ kò rí mu, tí ó sì ń ṣàn lọ. Òwe jẹ́rìí sí i: àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Àléébù ibẹ̀ ni pé àgbàrá náà ni a ń pe omi tí àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìdí nìyí tí àgbàrá òjijì fi yẹ. Omíyalé, tí etí gbogbo ènìyàn mọ̀, ń sọ ohun tí ó dé bá ilé. Kò sọ irú omi tí ó ṣe é.

Olùkọ́ ní Ojoku, nítòsí Ọ̀fà, kò ní òkè ńlá tí yóò nawọ́ sí. Kò burú. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbàrá tí ó ń gbẹ́ ojú ọ̀nà, kí ó wá ṣàlàyé pé bí ilẹ̀ bá ṣe dagẹ̀rẹ́ tó ni omi ń yára tó, pé àpáta bí ti Ìdànrè kì í mu omi, àti pé títì ọlọ́dà àti òrùlé páànù ń ṣe bí àpáta. Ní Ìbàdàn, ìlú olókè, odò Ògùnpa tí kò tóbi ni òjò ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980 sọ di apanirun. Àwọn tí ó kú lé ní 100. Ní Mokwa, Ìpínlẹ̀ Niger, omi ya wọ ìlú lẹ́yìn òjò òru ní ìparí oṣù karùn-ún, ọdún 2025. Òkú lé ní 150.

Ilẹ̀ òkè fúnra rẹ̀ a máa ṣí. Bí òjò bá rin ín gbingbin, ìwúwo rẹ̀ á pọ̀ sí i, erùpẹ̀ kò ní í lè di ara rẹ̀ mú mọ́, á sì ya lulẹ̀. Kò tọ́ kí a pè é ní ìmìtìtì ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ kò ní láti mì kí òkè tó ya. Ìyalulẹ̀ òkè bá a mu jù. Bí ilẹ̀ náà bá pò mọ́ omi, tí ó ń ṣàn tòun ti òkúta àti igi, àgbàrá ẹlẹ́rẹ̀ ni. Ní Regent, lẹ́bàá Freetown ní Sàró, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wáyé ní òwúrọ̀ kan, ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 2017, nígbà tí òkè Sugar Loaf ya. Òkú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ibi gíga ni ẹni tí àgbàrá òjijì ń lé ní láti sá lọ; ara òkè àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹni tí òkè fẹ́ ya lù ní láti sá kúrò. Olùkéde tí ó bá pe méjèèjì ní ìkún omi lè darí ará àdúgbò gba abẹ́ òkè tí ó ń ya bọ̀.