Owó Tí A Fi Ń Ná Owó: Àyẹ̀wò Bitcoin Lẹ́nu Ọjà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni ó gbà pé ọ̀fẹ́ ni a ń fi owó kírípítò rajà, nítorí pé kò sí báǹkì láàárín. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé náná owó pàápàá ń ná ni lówó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí Yorùbá. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá, èyí ni 20,000 ẹyọ. Ẹni tí yóò ra ọjà ńlá ní láti wá alárù tí yóò ru owó náà. Owó alárù kò sí nínú iye ọjà, ṣùgbọ́n àpò ẹni tí ń rajà ni ó ti ń jáde.

Alárù Bitcoin ni àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà kọ ìsanwó wa sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni ojú ewé kan fi ń kún, àyè ibẹ̀ kò sì pọ̀. Bí èrò bá pọ̀, ẹni tí ó bá san owó gọbọi ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Àyè tí ìsanwó gbà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bí owó náà ti pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹni tí ó ra ilé àti ẹni tí ó ra búrẹ́dì lè san iye kan náà fún alárù. Ní Oṣù Kejìlá 2017, Steam, tí ń ta eré orí kọ̀ǹpútà, kọ Bitcoin sílẹ̀. Àlàyé wọn ni pé owó yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 dọ́là lórí ìsanwó kan, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí sẹ́ǹtì 20 ni ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìnáwó kejì ni pé iye rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ní Oṣù Kọkànlá 2021, Bitcoin kan tó nǹkan bí 69,000 dọ́là. Nígbà tí ó di Oṣù Kẹfà 2022, ó ti já wá sí ìsàlẹ̀ 20,000. Òǹtajà tí ó gbà á tí kò tètè ṣẹ́ ẹ sí owó ìlú pàdánù. Bí ó bá sì fẹ́ ṣẹ́ ẹ, ẹni tí yóò bá a ṣẹ́ ẹ yóò yọ èrè tirẹ̀.

Lóòótọ́, ọ̀nà tí a ń pè ní Lightning dín owó alárù kù púpọ̀ fún ọjà kéékèèké. Síbẹ̀, ẹni tí yóò la ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ san owó alárù kí ó tó wọ̀ ọ́.

Ní ìkádìí, n kò sọ pé kí a má ná an. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ fi ra oúnjẹ ọ̀sán ka owó alárù àti owó ṣíṣẹ́ mọ́ iye oúnjẹ, kí ó tó ní ọjà òun pọ̀.