Ẹ̀KỌ́ BÍBÉLÌ: NÍGBÀ TÍ OGUN ÀJÒJÌ BÁ GBA ÌLÚ

Ibi kíkà: Ẹ́kísódù 1:15-21

Ṣífúrà àti Púà, àwọn agbẹ̀bí tí a kà nípa wọn yìí, kò gbé idà. Wọ́n kàn kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ ibi tí Fáráò rán wọn ni. Wọ́n máa ń mú mi rántí Dẹ́ńmáàkì, torí àwọn nọ́ọ̀sì wà nínú ìtàn ti ibẹ̀ náà.

Ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, 1940, ni ọmọ ogun Jámánì wọ ibẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìjọba ti juwọ́ sílẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀, àwọn ará ìlú ń bá iṣẹ́ wọn lọ, wọ́n sì ń tajà fún Jámánì. N kò ní sọ pé ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọmọ nílé á mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ pọ̀ ní oṣù kẹjọ, 1943, Jámánì kéde òfin ogun. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, Georg Duckwitz, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ará Jámánì, ta àwọn olóṣèlú lólobó pé wọn yóò kó gbogbo Júù.

Aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Ní ilé ìwòsàn Bispebjerg ní Copenhagen, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì fi àwọn Júù pamọ́ sí ibùgbé àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi orúkọ mìíràn gba àwọn kan wọlé bí aláìsàn. (Ẹni tó bá ti kọ ìwé wọ́ọ̀dù rí mọ ohun tí ìyẹn lè fà.) Ní ọjọ́ Ìsinmi, 3 oṣù kẹwàá, a ka lẹ́tà Bíṣọ́ọ̀bù Fuglsang-Damgaard nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, tó tako inúnibíni náà ní gbangba. Ọkọ̀ ojú omi kó bíi 7,200 Júù sọdá sí Sweden.

Àwọn apẹja kan gba owó gọbọi lọ́wọ́ wọn o. Ní Gilleleje, a mú bíi 80 ènìyàn tó sá pamọ́ sí òkè àjà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìbéèrè fún ìpàdé ilé:

1. Orúkọ èké nínú ìwé ilé ìwòsàn, àti èsì tí àwọn agbẹ̀bí fún Fáráò: ṣé irọ́ ni kí a pè wọ́n?

2. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi dákẹ́: ọgbọ́n ni àbí ìbẹ̀rù? Ka Róòmù 13:1-7 pẹ̀lú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5:29.

3. Apẹja tó gba owó, ṣùgbọ́n tó kó wọn gúnlẹ̀ láyọ̀: kí ni ẹ ó wí fún un?