Àgbàrá Òjò àti Odò Wa

Nínú igbó, ewé a máa gba òjò, ilẹ̀ a mu ún, a sì sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní ìgboro, òrùlé páànù àti títì ọlọ́dà kò lè mu omi. Nítorí náà àgbàrá a kó ìgbẹ́, epo ọkọ̀ àti pàǹtí lọ sínú odò. Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa tí pàǹtí ti dí kún bo bèbè rẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí púpọ̀. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó. Onílé ni kò ní í gbà fún un. Ǹjẹ́ kí a má ṣe da ìdọ̀tí sí gọ́tà mọ́. Ohun tí a dànù lókè ni aládùúgbò wa ń bù mu nísàlẹ̀.