Ẹ Má Fi Kún Un, Ẹ Má Yọ Níbẹ̀

Ní òpópónà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, jẹnẹrétọ̀ á máa ké láti iwájú ṣọ́ọ̀bù kan dé èkejì, ẹni tó ti dojú kọ bọ́ọ̀dù fóònù láti àárọ̀ á sì fọwọ́ di orí mú. Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Á nawọ́ owó sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: “Sáré, lọ bá mi ra Alábùkún méjì wá.” Ọmọ kò ní rìn jìnnà tó fi máa rí i lórí àtẹ. Ọ̀gá á da ìyẹ̀fun náà sẹ́nu, á fi omi inú ọ̀rá lé e, á padà sídìí iṣẹ́.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà láàárín wa tí ìyẹ̀fun yẹn lè ṣekú pa, àwọn ni mo sì ń bá wí: àwọn tí wọ́n ti tún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ wọn ṣe láì la orí wọn.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ a máa wú níbi tí ara rẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí táyà bá yọ kókó. Aneurysm ni àwọn dókítà ń pè é. Tó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tú sínú orí. Tẹ́lẹ̀, agbárí ni wọ́n sábà máa ń là. Ní 1990 ni Guido Guglielmi, dókítà ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Los Angeles, kọ́kọ́ fi wáyà platinum tín-ín-rín dí irú ibi bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Lónìí, dókítà á gba iṣan itan tàbí ti ọrùn ọwọ́ wọlé, á ti páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ gòkè títí dé orí, á fi wáyà dí ibẹ̀, tàbí kó tẹ́ àwọ̀n irin kékeré tí wọ́n ń pè ní stent sínú iṣan náà. Bí aláìsàn bá délé, àpá ara rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu fara pa mọ́ sí, torí ẹni tí kò rí àpá lára rẹ̀ á rò pé òun ti bọ́.

Kò tíì bọ́. Àjèjì ni irin yẹn nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, platelet, tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dí ojú ọgbẹ́. Bí wọ́n bá kan irin náà, wọ́n á ṣe é bí ọgbẹ́, wọ́n á rọ́ lù ú, ẹ̀jẹ̀ á dì, ọ̀nà á dí, rọpárọsẹ̀ dé. Aspirin ló ń so wọ́n lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní stent fi sábà máa ń lo aspirin pẹ̀lú oògùn kejì tó ń jẹ́ clopidogrel fún oṣù mélòó kan, kó tó wá ku aspirin nìkan fún ìgbà pípẹ́, fún ẹlòmíì títí ọjọ́ ayé. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, awọ inú iṣan á máa hù bo irin náà díẹ̀díẹ̀.

Platelet tí aspirin bá ti so, kò ní tú mọ́ títí tó fi máa kú. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ara ń ṣe tuntun, tó bá fi máa tó ọjọ́ 7 sí 10, gbogbo wọn ti di tuntun. Ẹni tó fo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin torí pé oògùn tán, ọjà ò sì yá, ti tú ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀ láì mọ̀. Ẹni tó ní ara òun ti yá ńkọ́? Ẹni tí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó wá da oògùn nù? Ẹni tó fẹ́ yọ eyín, tí wọ́n ní kó dá a dúró ná? Ẹ má dá a dúró kí ẹ tó gbọ́ lẹ́nu dókítà tó fi irin náà sí i. Mo bẹ̀ yín.

Ó kan fífi kún un. Alábùkún tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1918 kì í ṣe ewé, kì í ṣe egbò. Aspirin àti kaféènì ni. Àwọn bàbá wa lò ó, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n mìlígíráàmù 760 aspirin ló wà nínú ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ èyí tí dókítà ń fún irú aláìsàn yìí lójúmọ́ lè má ju 75 lọ. Ẹyọ méjì ti ju ìlọ́po ogún lọ! Ẹ wá gbé e lé clopidogrel. Inú lè máa ṣẹ̀jẹ̀ títí ìgbẹ́ á fi dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ sì lè ya nínú orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.

Ibuprofen, oògùn ara ríro, tún ń ṣe tirẹ̀ lọ́nà míì. Ihò kan náà ni òun àti aspirin ń wọ̀ lára platelet. Tó bá ti jókòó síbẹ̀, aspirin á dé, kò ní ríbi wọ̀. Aspirin kì í sì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, kí ibuprofen tó dìde, ó ti lọ. Ẹ lo oògùn yín, ẹ wá dà bí ẹni tí kò lò ó. Ta ló sì mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá àdàlù tí alátẹ ń pè ní “ara ríro”?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi wáyà tó tín-ín bí irun so ibi tó já lórí bọ́ọ̀dù, ẹ kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan jumper tẹ́ ẹ bá ṣe. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń jẹ́ kí alátẹ fọwọ́ kan èyí tó wà lórí yín?

Ẹ̀fọ́rí tó bá sì ṣàdédé sán bí ààrá, tó le ju gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti ní rí lọ, tí ọrùn gan, tí èébì ń gbé yín, ẹ má lo aspirin kankan sí i, yálà wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí yín rí tàbí wọn ò ṣe. Ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn: LASUTH wà ní Ìkẹjà níbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan bá kú lójijì.

Ẹ pe ọmọ iṣẹ́ yín lónìí, torí òun lẹ ó rán. Ẹ fi páálí oògùn yín hàn án, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà dókítà sí i lára. Ẹ sọ fún un pé bí ẹ bá tún na owó Alábùkún sí òun, kó má lọ.