Dóńgóyárò Dípò Oògùn Tí Wọ́n Ti Fòfin Dè: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Àgbẹ̀ Ìyámoyè àti Agbègbè Rẹ̀

Láti Ìyámoyè títí dé Ẹ̀kìnrìn-Àdé, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi wá láti ìgbà tí oògùn ti ń tán lórí àtẹ: kí la ó wá máa fín báyìí? Ìbéèrè náà tọ́. Àjọ NAFDAC, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de paraquat, tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ sí Gramoxone, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024. Chlorpyrifos tẹ̀lé e ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Bélú ọdún kan náà. Atrazine, tí kò sí oko àgbàdo tí kì í dé ní ìhà wa, gba ọ̀nà kan náà lọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025. Ní ti dichlorvos, ìyẹn ọ̀tápiápiá, láti 2019 ni àjọ náà ti ní kí wọ́n má ṣe é sínú ìgò kékeré 100 ml mọ́. Bí ẹ bá ṣì rí èyíkéyìí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, tàbí ọ̀tápiápiá inú ìgò kékeré, ní ọjà Kàbbà, ẹni tó ń tà á ń rú òfin ni.

Ẹ má bá mi wá oògùn májèlé mìíràn tí yóò rọ́pò ti àná. Ní ti kòkòrò, kì í ṣe ti koríko, ohun tí òfin gbà, tí ewu rẹ̀ kéré, tó sì ń ṣiṣẹ́, ó wà lẹ́yìnkùlé yín: kóró dóńgóyárò, ọṣẹ, òróró ẹ̀pà, eérú, àti àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Àwọn kan á ní àwọn ti lo dóńgóyárò rí, kò ràn. Mo gbà pé kò ràn. Ewé ni wọ́n já, wọ́n sè é lórí iná bí ẹni ń se àgbo ibà, wọ́n fín in ní agogo méjìlá ọ̀sán, wọ́n wá dúró kí kòkòrò já bọ́ lójú wọn. Kò sí oògùn tí irú ìlò bẹ́ẹ̀ kò ní bà jẹ́.

Kóró ni kí ẹ lò

Ewé ní agbára díẹ̀, ṣùgbọ́n inú kóró ni agbára náà pọ̀ sí. Tí èso bá ti pọ́n, tó pupa rẹ́súrẹ́sú tó sì ń já bọ́, ẹ ṣà á ní òwúrọ̀ kí eèrà àti ìkán tó dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣà á náà ni kí ẹ bó ẹran ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ fọ̀ ọ́. Bí ó bá sun pẹ̀lú ẹran ara rẹ̀, yóò bu. Lẹ́yìn náà, ẹ sá a sórí ẹní tàbí àpò lábẹ́ ibòji. Ẹ má sá a sínú oòrùn gangan, ẹ má sì tú u sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán. Oòrùn ni ọ̀tá àkọ́kọ́ ohun tó wà nínú kóró yìí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní azadirachtin. Tó bá ti gbẹ, àpò ìdọ̀họ tàbí apẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kó o sí, ní ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ọ̀rá kò dára fún un rárá. Kóró tó bá ti hu funfun tàbí tó dúdú nínú, ẹ dà á nù, ẹ má ṣe tìtorí pé ó kù díẹ̀ kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ èyí tó dára.

Láti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn kíkó ni kóró náà máa ń dára jù lọ fún iṣẹ́, bí ó bá sì ti lé ní oṣù mẹ́wàá, agbára rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ kíyè sí i pé èyí kan àwọn tó ń gbin àgbàdo àkọ́rọ̀. Kóró ọdún tó kọjá ni ẹ ó lò, nítorí náà àwọn èso tó já gbẹ̀yìn ni kí ẹ fi pamọ́ fún un, kì í ṣe àwọn tó kọ́kọ́ já.

Ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ gún kóró náà díẹ̀díẹ̀ nínú odó kí èèpo lè fọ́, ẹ fẹ́ ẹ. Ọmọ inú rẹ̀ ni kí ẹ wá gún kúnná. Ẹ dáwọ́ dúró kí òróró tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí ojú odó. Gíráàmù 50 ìyẹ̀fun yìí ni fún lítà omi kan. Páńpù ẹlẹ́yìn tó gba lítà 16 yóò jẹ gíráàmù 800. Ẹ dì í sínú aṣọ tó mọ́, ẹ rì í sínú omi tútù láti ìrọ̀lẹ́ di ìrọ̀lẹ́ kejì. Ẹ má sè é, iná ń ba ohun inú rẹ̀ jẹ́. Kí ẹ tó fín in, ẹ fún aṣọ náà dáadáa, ẹ sẹ́ omi náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnu páńpù má dí, ẹ wá po ọṣẹ díẹ̀ sí i kí omi náà lè lẹ̀ mọ́ ewé: gíráàmù 10 ọṣẹ pọ́ńbélé tàbí ọṣẹ dúdú fún lítà 10 ti tó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ fín in tán. Omi dóńgóyárò tó sun kò wúlò mọ́.

Ní ti owó, kò yẹ kó wọ́n ju ohun tí ẹ ń ná sórí ìgò oògùn lọ, ó sì lè dín sí i, ó kù sí bí igi dóńgóyárò ṣe pọ̀ tó nítòsí yín àti bí àwọn ọmọ ilé bá wà láti ṣà á. Iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ni mi ò lè bá yín dín kù.

Àgbàdo

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fall armyworm kò tíì pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA rí i ní ìlà-oòrùn òkun Atlantic fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú oko àgbàdo ní Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́, kó tó gba gbogbo Áfíríkà kan. Ẹ ti mọ ojú rẹ̀: àmì Y tó dorí kodò ní iwájú orí rẹ̀, àti àmì dúdú mẹ́rin tó dúró ní igun mẹ́rin sítòsí ìdí rẹ̀. Nígbà tó bá ṣì kéré, yóò máa ha ojú ewé, ewé á sì dà bí gíláàsì fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ fín in. Bí ó bá ti dàgbà, tó wọ inú ọ̀mùnú lọ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti dí ojú ibẹ̀, yálà dóńgóyárò ni o, yálà oògùn olówó gọbọi ni o, ẹ̀ ń fi omi ṣòfò ni.

Nítorí náà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí ẹ wọ oko láti ìgbà tí àgbàdo bá ti yọ ewé mẹ́ta. Ẹ dúró ní ojú márùn-ún, ẹ wo ìdí mẹ́wàá ní ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lára ìdí 10 nínú 50 yẹn, ó yá. Ẹ darí ẹnu páńpù sínú ọ̀mùnú, kì í ṣe sórí ewé tó nà sílẹ̀. Oòrùn gbọ́dọ̀ ti rọ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, tàbí kíá tí òjò bá fọ̀ ọ́. Ẹ má retí òkú kòkòrò lọ́jọ́ kejì. Dóńgóyárò a máa mú kó kọ oúnjẹ, a sì máa dí i lọ́wọ́ kó má lè pa awọ dà. Ewé tuntun ni kí ẹ máa wò: bí ó bá ń yọ láìní ihò, oògùn ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ń bu eérú tàbí iyanrìn sínú ọ̀mùnú, ẹ máa ṣe é lọ ní oko kékeré, kò burú.

Ẹ̀wà, níbi tí ẹ ti pàdánù jù

Ohun tó fa ìpàdánù ẹ̀wà ní ìhà wa pọ̀ débi pé mi ò ní dákẹ́ lé e. Nínú oko, kòkòrò kékeré dúdú tó ń mu omi ewé ni yóò kọ́kọ́ dé, ọṣẹ àti dóńgóyárò á ká a. Lẹ́yìn náà ni kòkòrò Maruca, tó ń wọ inú òdòdó àti inú èèpo ẹ̀wà. Ìgbà tí òdòdó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yọ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fín, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Irú ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR ní Zaria gbé jáde, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní 2019, Maruca kò lè jẹ ẹ́. Ó lè dín fífín kù láti bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tó ń fa omi inú èèpo ẹ̀wà kò bìkítà fún irú yìí, dóńgóyárò náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mú. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣà wọ́n ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí wọn kò tíì lè fò.

Ẹ má po ohunkóhun mọ́ omi dóńgóyárò, àfi ọṣẹ tí mo dárúkọ lókè. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń fọṣọ máa ń jó ewé ẹ̀wà. Kẹrosíìnì náà ń jó o. Omi ewé tábà tí àwọn àgbà kan ṣì ń fín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Májèlé gidi ni, ó ń gba ara ènìyàn wọlé, pé ó ti ara ewé wá kò sọ ọ́ di ohun tí kò léwu. Kóró dóńgóyárò náà kì í ṣe ewé tí ẹ ń fi ṣe àgbo: òróró inú rẹ̀ ti pa ọmọdé rí, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má da èyí tó ṣẹ́kù sódò, nítorí ẹja.

Ní ti ẹ̀wà inú àká, ẹ ṣíwọ́ ọ̀tápiápiá. Ní oṣù Òkúdù 2015 ni àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà Nàìjíríà dúró ní ẹnubodè wọn nítorí dichlorvos. Èyí tó yẹ kó wà nínú kílò kan kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ. Ohun tí wọ́n rí bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó dé 4.6. Àwa tí a kì í kó ẹ̀wà lọ sí Yúróòpù, inú ìkòkò tiwa ni èyí tó kù ń lọ.

Àpò PICS ni mo fọwọ́ sí. Ọ̀rá méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò híhun kan wà níta. Ẹ sá ẹ̀wà títí tí yóò fi dún bí ẹ bá fi eyín gé e. Èyí tó tutù yóò bu nínú àpò yìí, ẹ̀bi àpò kọ́. Ẹ wo ọ̀rá náà lódì sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ lè rí ihò, ẹ kún un, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ wá so ọ̀rá inú, ọ̀rá kejì àti àpò ìta, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù ni kòkòrò yóò mí tán, tí wọn yóò sì kú. Ẹ má tú u wò láàárín oṣù kan àkọ́kọ́, àní bí àlejò bá dé. Ẹ gbé e sórí pákó, kí ó jìnnà sí ògiri, nítorí eku.

Bí kò bá ju kóńgò mélòó kan tí ẹ fẹ́ fi ṣe irúgbìn, mílílítà 5 òróró ẹ̀pà fún kílò ẹ̀wà kan ti tó, kí ẹ rọra yí i títí gbogbo ojú kóró yóò fi dán. Bí ẹ bá sì rí kòkòrò tí ẹ kò mọ̀ nínú àgbàdo tàbí ẹ̀wà, ẹ mú un wá láàyè nínú ìgò tó ní ihò lórí, pẹ̀lú ewé tó ń jẹ, sí ọ́fíìsì àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ (ADP) ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀.