Kí Ló Ń Ṣe Yín?

Yorùbá kì í bi aláìsàn pé kí ló ní. "Kí ló ń ṣe yín?" là ń bi í. Àìsàn ló ń ṣe èèyàn, èèyàn kọ́ ló ń ṣe àìsàn. Bí ẹ bá wá tẹ́tí sí ìdáhùn, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń gbé iṣẹ́ tí àìsàn náà ń ṣe jáde. Orí a máa fọ́ni, inú a máa runni, eegun a máa roni, egbò a máa tani, ẹ̀gbẹ́ a máa gúnni. Ẹni tó ní ẹ̀yìn ń ro òun ò sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní ẹ̀yìn ń ta òun.

Àwọn nọ́ọ̀sì ló mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1965, Loretta Ford tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà Henry Silver dá ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado, l'Amẹ́ríkà, fún nọ́ọ̀sì tí yóò lè yẹ aláìsàn wò kó sì dá àrùn mọ̀ fúnra rẹ̀. Irú wọn ti pọ̀ báyìí l'Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Yorùbá sì wà láàárín wọn. Ohun tó gba ọgbọ́n jù nínú ẹ̀kọ́ wọn ni bí àrùn ṣe ń rìn nínú ara: èwo ló kọ́kọ́ bàjẹ́, kí ló fà á, kí ló wá yọ síta tí a ń pè ní àmì.

Ẹ jẹ́ ká ní Màmá kan sọ fún irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ pé, "Ẹ̀gbẹ́ ń gún mi, pàápàá tí mo bá mí kanlẹ̀." Ọ̀rọ̀ tán. Awọ fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀dọ̀fóró ni nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ fura sí, torí pé bí awọ yẹn bá wú, gbogbo èémí ló máa ń ha á. Bí Màmá bá ní, "Ó ń ta mí tí mo bá ń tọ̀," ọ̀nà àpò ìtọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń ṣe ògbufọ̀ fún Màmá ní Lọ́ńdọ̀nù lè sọ gún, ta àti ro di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èyí tó burú jù ni "àyà ń já mi." Ẹ̀rù ni Màmá ń sọ. Ọmọ á ní àyà ló ń dun Màmá, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi lẹ wáyà mọ́ ọn láyà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan, orúkọ àrùn pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo àtọ̀gbẹ: a tọ̀ títí, a gbẹ. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti ju nǹkan bíi mílígíráàmù 180 lọ nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ò ní lè dá gbogbo rẹ̀ padà mọ́. Ṣúgà á bá ìtọ̀ lọ, á sì fa omi ara dání. Òǹgbẹ á dé, ara á máa rù. Ẹni tó sọ àrùn yẹn lórúkọ mọ ohun tó ń wò.

"Ìtọ̀ ṣúgà" tó gbòde báyìí ni èmi ò fara mọ́. Ó gbé ẹ̀bi ka ìtọ̀ lórí, nígbà tó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ lọ̀ràn wà. Ẹlòmíì á máa wò bóyá èèrà ṣù sídìí ìtọ̀ òun. Bí kò bá rí èèrà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kí èèyàn tó jẹun, 126 ti tó pe àrùn náà. Láti 126 dé 180, èèrà kankan ò ní mọ̀. Ká má parọ́, àtọ̀gbẹ náà ń dúró dìgbà tí ara bá gbẹ. Síbẹ̀ òun ló sàn.

Onígbáméjì ńkọ́? Igbá kan fún èébì, ìkan fún ìgbẹ́. Omi tó ń dà jáde nínú ara ló ń pa aláìsàn yẹn, ohun tó bá sì jáde la gbọ́dọ̀ dá padà. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú onígbáméjì, ibùsùn tó níhò láàárín ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú garawa lábẹ́ ihò náà àti òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún èébì. Nọ́ọ̀sì ń wọn ohun tó wà nínú wọn. Igbá méjì náà ni, ike ni wọ́n fi ṣe é.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ náà gbọ́n. Bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá gbó tí ara tú u ká, àwọ̀ kan bí ìyeyè máa ń ṣẹ́ kù, ẹ̀dọ̀ ló sì ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀dọ̀ ò bá rí i ṣe, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n. Orúkọ náà so méjèèjì pọ̀ bó ṣe yẹ. Kìkì pé "ojú rẹ̀ pọ́n" nìkan kò tó, torí ojú tó pupa náà la ń sọ pé ó pọ́n. Ẹ fi ìtọ̀ kún un.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń tan wá jẹ. Òkun ń ru, a ń gbọ́ ariwo rẹ̀; inú ń ru, onínú mọ̀. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan kì í pariwo, kódà bó bá ti kọjá 140 lórí 90. Mi ò ní orúkọ tó dára jù ú lọ láti fi rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ bá wá délé ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ pe ibà tàbí jẹ̀díjẹ̀dí fún nọ́ọ̀sì. Ẹ sọ ọ̀rọ̀-ìṣe fún un ná: ó ń gún ni, ó ń ta ni, àbí ó ń ro.