Ìdí-Igi àti Orí-ò-jorí

Bí bàbá tí ó fẹ́ aya púpọ̀ bá kú, ọ̀nà méjì ni àwọn Yorùbá ń gbà pín ogún rẹ̀. Èkíní ni ìdí-igi: àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ni yóò gba ìpín kan, bí wọn ìbáà pọ̀, bí wọn ìbáà kéré. Èkejì ni orí-ò-jorí: gbogbo ọmọ ni yóò gba ìpín dọ́gbadọ́gba. Ní ọdún 1962, nígbà tí ẹjọ́ ogún kan láti Èkó dé Ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ́nù, àwọn adájọ́ fi ọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà tí ó gbilẹ̀, ṣùgbọ́n pé olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí aáwọ̀ bá wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ìdíje Ìṣirò Àgbáyé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ròmáníà ní ọdún 1959, orílẹ̀-èdè 7 ni ó sì pé jọ níbẹ̀. Láti ọdún 1983, akẹ́kọ̀ọ́ tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè mú wá kò gbọdọ̀ ju 6 lọ. Ilẹ̀ Ṣáínà, tí ènìyàn ibẹ̀ ju bílíọ̀nù kan lọ, kò lè mú ẹni keje wá. Luxembourg, tí ènìyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan, ní àyè 6 pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nàìjíríà. Ìdí-igi gan-an nìyí, ó sì tọ́. Nítorí bí a bá fi iye ènìyàn pín in, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ni yóò gba gbogbo ìjókòó, àwọn kékeré yóò sì di òǹwòran.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àyè 6 bá dé ọwọ́ wa, báwo ni a ó ṣe pín in nílé? Ìpínlẹ̀ 36 ni Nàìjíríà ní, Abújá sì wà lọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìkan ní ìjọba ìbílẹ̀ 30. Ẹni mẹ́fà kò lè kárí wọn. Bí a bá ń pín in yípo, ọmọ tí ó mọ ìṣirò jù lọ lè jókòó sílé nítorí pé kò tíì kan ìlú rẹ̀. Bí a bá sì fi ojúsàájú pín in, ọmọ ọlọ́lá ni yóò máa lọ. Ìdánwò ni ó yẹ kí a fi yàn wọ́n.

Síbẹ̀, ìdánwò nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọmọ méjì, ọ̀kan ní Òṣogbo, èkejì ní abúlé kan lẹ́bàá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ Òṣogbo gbọ́ nípa ìdánwò ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó sì ní olùkọ́ ìṣirò. Ọmọ abúlé gbọ́ lẹ́yìn tí a ti ṣe é tán. A ó sọ pé ọmọ Òṣogbo ni ó mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ta ni ó dán èkejì wò? Ọmọ yẹn kò fìdí rẹmi. A kò pè é ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á lo ìdí-igi ní ẹnu ọ̀nà, kí á sì fi ìmọ̀ ṣe ìdájọ́ níkẹyìn. Kí ìkéde, olùkọ́ àti ìwé ìdánwò dé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bákan náà. Lẹ́yìn èyí, kí ẹni mẹ́fà tí ó gba máàkì jù lọ máa lọ, ìbáà ṣe ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá. Nígbà náà ni ọmọ tí kò yege yóò lè sọ láìbínú pé, "Wọ́n pè mí, mo sì jẹ́."

Ìbéèrè
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìdí-igi àti orí-ò-jorí?
2. Bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ bá ní àyè 2 fún ìdíje kan, tí kíláàsì 6 sì ń fẹ́ ẹ, báwo ni ìwọ yóò ṣe pín in? Sọ ìdí rẹ.